PI-RADS 4 ni èsì MRI bàbá mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣàgámù la wà. Bàbá mi ti pé 71, PSA wọn (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) jẹ́ 11, mo sì máa ń gbọ́ ìró sálúbàtà wọn lóru bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tí wọ́n bá ń lọ tọ̀. Èsì MRI (àwòrán inú ara) prostate wọn dé lánàá: PI-RADS 4 (ìwọ̀n 1 sí 5 tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé jẹjẹrẹ tó le wà níbẹ̀), ADC sì kéré níbì kan lápá òsì. Ohun tó yé mi ni pé ADC ń fi bí omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara hàn, ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti fún pọ̀ ló ti máa ń kéré. Ṣé òǹkà ADC yìí lè sọ bí jẹjẹrẹ ṣe le tó, àbí dandan ni kí wọ́n mú ẹran níbẹ̀ yẹ̀ wò? Bàbá ò fẹ́ gbọ́ abẹ́rẹ́ sétí. Wọ́n ká ìwé èsì náà sínú fìlà, wọ́n ní ara àwọn le. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kí ni kí n bi dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè?