"Bàbá" ni wọ́n fi sọ mí di onírọ́

Àbúrò wa tó kọ ọ́ síbí pé lẹ́tà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní àwọn ò fún òun ní ààbò dé lánàá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú tèmi náà ti rí i.

Ọdún 2021 ni mo tọrọ ààbò ní Lọ́ńdọ̀nù, torí ẹbí ọkọ mi fẹ́ dábẹ́ fún ọmọbìnrin mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n ní ta ló pàṣẹ. Mo ní, "Bàbá ni." Nígbà kejì, wọ́n bèèrè bàbá ọkọ mi, mo ní ó ti kú láti 2012. Ni lẹ́tà bá dé: òkú kì í pàṣẹ, irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n tún ní òfin ti ka ìdábẹ́ léèwọ̀ ní Nàìjíríà láti 2015, kí n kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi là ń pè ní Bàbá. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, òun náà sì ni olórí ẹbí. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ nínú wa?

Ọjọ́ 14 péré, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, ni mo ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní First-tier Tribunal, kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní kí n dá gbogbo ìpínrọ̀ lẹ́tà náà lóhùn, kí n má fo ọ̀kan. Àǹtí mi wá ìwé ètò ìsìnkú bàbá ọkọ mi rí, epo ti ta sí i létí. Orúkọ Bàbá ló ṣáájú nínú àwọn tí olóògbé fi sáyé lọ: "ẹ̀gbọ́n".

Ní kóòtù, aṣojú ìjọba ní kí ló dé tí mi ò pè é ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Adájọ́ ní kí ògbufọ̀ tún un sọ, ó sì rọra kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Bí ẹbí ọkọ mi ṣe wá mi kàn ní Ìbàdàn nígbà tí mo sá kúrò ní Òṣogbo ni kò jẹ́ kó ní kí n kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹni tó bá tọrọ ààbò láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2022, òfin ti le sí i: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù yín jẹ́ òótọ́ ju kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín méjèèjì lọ́wọ́ lọ́yà lónìí. Níbikíbi tí ẹ bá ti pe ẹnìkan ní bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ, ẹ kọ bó ṣe bá yín tan gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.