Bí ìwọ̀fà bá ń ṣàìsàn, ta ló ń san ọjọ́ iṣẹ́ tó bọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ṣàkójọ òfin ìwọ̀fà láyé owó ẹyọ nílẹ̀ Yorùbá.

Ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sin olówó nítorí owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá, kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó rẹ̀ ni èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Ẹni tó yá ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ, tó fi ọdún mẹ́wàá roko olóko, ọ̀kẹ́ kan náà ló ṣì jẹ. (Ìnira ńlá gbáà ni!) Bí ó bá sá, wọ́n á di onígbọ̀wọ́ mú. Bí ó bá kú, ẹbí á fi ẹlòmíràn rọ́pò tàbí kí wọ́n san gbèsè. Àgbàlagbà ń gbé ilé ara rẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi yáwó ń gbé lọ́dọ̀ olówó.

Àìsàn ló ta kókó. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lásìkò ebè kíkọ, ṣé àbúrò rẹ̀ ló ń lọ dípò rẹ̀, àbí yóò san ọjọ́ náà padà bí ara bá yá? Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ olówó ńkọ́, ta ló ń ra egbòogi fún un?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí n má baà da ti Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ ti Èkìtì.