Ta ni ọlọ inú (spleen), ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, ti dà láàmú rí?

Ìyá Dèjì, Ìlódè: Ẹ gbà mí o. Ọmọ mi, ẹlẹ́jẹ̀ SC (irú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kan), ọmọ ọdún 19, ni ìhà òsì ń dùn, ó gùn ún dé èjìká. Mo rò pé ọgbẹ́ inú ni, mo ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ yàwòrán inú ẹ̀: apá kan ọlọ inú ti kú, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè débẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ Ọwá: Pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ó lè mí kanlẹ̀?

Ìyá Dèjì: Tó bá fẹ́ mí, á fọwọ́ di ìhà mú. Kò lè fẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀ọ́rẹ̀: Màmá, ọlọ inú àwọn SS sábà máa ń sún kì, tí ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ti SC máa ń pẹ́ lára, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé àìsàn yìí lè mú wọn nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ọlọ inú ló ń bá wa gbógun ti kòkòrò.

Bàbá Ìsọ̀kùn: AA ni mí, ó sì mú mi. Ọkàn mi ló ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀, ó já, ó lọ dí iṣan ọlọ inú. Inú ọjà Atákúmọ̀sà ni mo wà, mò ń ka owó. Mo jókòó lé àpò gàrí, n ò lè dìde mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Lágéré: Àbúrò mi AS ni. Òkè Kamẹrúùnù ló ń gùn, mítà 4,040, nígbà tó mú un.

Táíwò: Rárá o! AS kì í ṣàìsàn. Èmi AS yìí, mo gun òkè Ìdànrè.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀ọ́rẹ̀: Ìdànrè kọ́ nìyẹn, Táíwò. Atẹ́gùn téèyàn ń mí sínú ò tó nǹkan lókè gíga bẹ́ẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó Olóyè: AS tiẹ̀ dà? AA ni ibi àyẹ̀wò kan kọ fún mi kí n tó ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn ọmọ kejì ni mo mọ̀ pé AS ni mí.

Táíwò: Háà!

Ọmọ Ọwá: Irú ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi náà. Ibi méjì ló yẹ kéèyàn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyàwó Olóyè: Ta ló sọ fún mi nígbà yẹn?

Ìyá Dèjì: Wọ́n ní a máa gba àjẹsára náà lọ́la. Lálẹ́ àná, ó fẹ̀gbẹ́ òsì sùn díẹ̀.