Rọ́ọ̀kì kì í ṣe orin àpáta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, mo kí yín o.

Arákùnrin wa tó ń kó ìtàn orin jọ kọ ọ́ báyìí fún ọjọ́ 21 oṣù Kẹta: “Lọ́jọ́ òní ní 1952, Ijó Ìgbadé Moondog, òde orin àpáta àkọ́kọ́, wáyé ní Cleveland.” “Rock”, orúkọ tí òyìnbó ń pe orin yìí, ló túmọ̀ sí àpáta, torí pé “rock” tún ń jẹ́ òkúta lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ti dáhùn pé “orin àpáta” dùn létí, pé ká gbà á wọlé. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìtàn ọjọ́ yẹn gan-an ló tako àpáta. Alan Freed, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò WJW ní Cleveland tó wà lára àwọn tó ṣètò ijó náà, ló ń gbé orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà sáfẹ́fẹ́ lóru. Leo Mintz tó ni ṣọ́ọ̀bù àwo orin ló rọ̀ ọ́ sí i. Freed ló sọ “rock and roll” di orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹnu àwọn adúláwọ̀ ló ti bá a: Trixie Smith, obìnrin olórin adúláwọ̀ kan, ti fi ọ̀rọ̀ méjèèjì kọrin ní 1922. Kí nǹkan máa fì síwá sẹ́yìn ni “rock” níbẹ̀, kó máa yí ni “roll”. Àwọn atukọ̀ ń fi sọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe lórí ìgbì. Àwọn olùjọsìn ń fi sọ bí ara ṣe ń mì nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn. Àwọn olórin fi ń pe ijó, wọ́n sì fi ń pe ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Kò sí òkúta kankan nínú gbogbo rẹ̀.

“Ijó Ìgbadé” tí arákùnrin wa kọ fún “Coronation Ball” ní tiẹ̀ dára gan-an, mo kí i fún un. Òde ijó ni ìpàdé yẹn lóòótọ́, Moondog sì ni ìnagijẹ tí Freed ń jẹ́ lórí rédíò. Gbọ̀ngàn náà kò gbà ju nǹkan bí 10,000 ènìyàn lọ, èrò tó ya síbẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Paul Williams, olórin tó kọ́kọ́ bọ́ sórí ìtàgé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè rẹ̀ ni, tí àwọn aláṣẹ fi dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹnìkan bèèrè pé bí a bá ń yá gbogbo ọ̀rọ̀ lò, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún Yorùbá? Àníyàn tèmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo “amóhùnmáwòrán”: ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Kí ni àpáta ń sọ nípa orin yìí? Bí a bá sì gbà á, kí la máa pe “hard rock”, irú rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ ń dún kíkankíkan? Ṣé àpáta líle? Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò mọ̀ pé gìtá là ń sọ?

A kì í sábà túmọ̀ orúkọ orin. Olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú lòun ti mú orúkọ fújì. Òkè gidi nìyẹn o, òkè tó ga ju àpáta lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe fújì ní “orin òkè” rí. Báwo la ṣe wá fẹ́ máa pe orin tí kò bá òkè tan ní àpáta?

Arábìnrin tó dábàá “orin afì”, ìyẹn orin tó ń fì, sún mọ́ òótọ́ ju gbogbo wa lọ. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ máa lò ó bí wọ́n bá ń ṣàlàyé ibi tí orúkọ náà ti wá. Ní ti orúkọ fúnra rẹ̀, rọ́ọ̀kì ló ti wà lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Mo bẹ arákùnrin wa kó tún un kọ báyìí: “Lọ́jọ́ òní ní 1952, Ijó Ìgbadé Moondog, tí ọ̀pọ̀ kà sí òde rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́, wáyé ní Cleveland, wọ́n sì dá a dúró kó tó gbóná.”