“Ọkọ̀ ìkógun” kọ́ ni ọkọ̀ tí ológun tà fún ará ìlú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò, ẹ kú làálàá èdè wa.

Ẹni wa tó ń túmọ̀ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé bi wá pé kí ni ká máa pe ọkọ̀ tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn ológun nígbà tí ogun parí, tí ìjọba wá tà fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́ dá “ọkọ̀ ìkógun” lábàá. Olùkọ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní “àlòkù ológun” ló dáa. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ ká yanjú rẹ̀ kó tó wọnú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìkógun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1886 tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú wa, wọ́n kó èèyàn, wọ́n kó ẹrù, ó di Àgbómẹ̀, olú-ìlú wọn. Ohun tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ́gun ni ìkógun. Jíìpù tí ìjọba Amẹ́ríkà fowó ara rẹ̀ rà, tó sì tún tà nígbà tí ìjà tán, ọwọ́ ta ló ti jà á gbà? Bí ọmọ ogun Jámánì bá gba jíìpù lójú ìjà, ẹ pe ìyẹn ní ìkógun, n kò ní jiyàn.

“Àlòkù” sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ kò kárí. Láàárín 1941 sí 1945, ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ṣe jíìpù tó lé ní 600,000. Kámíọ̀ akẹ́rù GMC onítáyà mẹ́wàá nìkan lé ní 500,000. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, wọ́n ti pọ̀ ju ohun tí ológun nílò lọ, òmíràn nínú wọn kò sì dé ojú ìjà rí. Pípọ̀ ló pọ̀ jù, kì í ṣe gbígbó.

Àbá tèmi ni “togunbọ̀”. Gbogbo wa la mọ tòkunbọ̀, èdè àwọn tó ń ra mọ́tò ní Kútọnu kọjá sí Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ọkọ̀ tí kò dé ojú ogun kò lè ti ogun bọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀: mọ́tò tuntun náà ń gba orí òkun wọlé, ṣé ẹnikẹ́ni pè é ní tòkunbọ̀ rí? Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí òkun, ó ti di orúkọ irú ọkọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni togunbọ̀ yóò ṣe di orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ogun, tó wá bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Ohùn àárín ni ogun yìí o, kì í ṣe ogún tí bàbá fi sílẹ̀. Bí awakọ̀ kan bá sì ṣì í gbọ́ sí Ògún, kò tíì kúrò lórí irin.

Ó tún gba gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà ṣe. Ní Fílípíìnì, wọ́n fa ìdí jíìpù gùn, wọ́n fi páànù bò ó lórí, wọ́n to bẹ́ǹṣì gígùn méjì síbẹ̀ kí èrò lè kọjú síra wọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń jókòó níbí nínú báṣéè, ọkọ̀ tí a fi nǹkan bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di jípíìnì, ọkọ̀ èrò gbogbo ìlú. Maurice Wilks, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò Rover, ń lo jíìpù ológun nínú oko rẹ̀ ní Wales. Lára jíìpù yẹn ló ti rí èrò Land Rover tí wọ́n gbé jáde ní 1948. Ẹni tó ní ká pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní “ọkọ̀ alágbádá”, ìjọba tí kì í ṣe ti ológun ni a ń pè ní alágbádá. Àgbẹ̀ tó ń fi jíìpù ṣiṣẹ́ oko, ará ìlú ni.

Orúkọ ohun tí ọkọ̀ náà ń fà lẹ́yìn ló le jù. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, tírélà ni ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ látorí dé ìdí. Títáànù là ń pè é níbí. Èyí tí ìwé ìtàn ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá: àpótí irin kékeré onítáyà méjì ni. Ilé-iṣẹ́ Bantam ló ṣe púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó kọ́kọ́ gbé àpẹẹrẹ jíìpù jáde ní 1940 kí ológun Amẹ́ríkà tó gbé iṣẹ́ ńlá náà fún Willys àti Ford. Òrùka irin wà ní ṣóńṣó ọrùn rẹ̀. Wọn á gbé òrùka náà sínú ìkọ́ tó wà nídìí jíìpù, wọn á pa ìkọ́ dé, wọn á tún fi ẹ̀wọ̀n so ó kó má baà já sọ́nà. Àpótí náà kì í jò, ó ń léfòó lórí omi.

Ẹnìkan dá “àkọ́fà” lábàá nítorí pé a ń kọ́ ọ, a sì ń fà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, bí àmì bá sì ti kúrò, akọ́fá tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ babaláwo ni ará Kétu máa kà. “Àfàtẹ̀lé” ni mo fara mọ́: a ń fà á, ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀.

Olùkọ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ilé-iṣẹ́ ṣúgà yín: kí ni wọ́n ń pe ohun tí katakata ń fà lẹ́yìn? Bí wọ́n bá ti ní orúkọ Yorùbá tí ẹnu wọn mọ́, mo fi àfàtẹ̀lé sílẹ̀ fún un.