Ṣé mo lè ki hẹ́dífóònù bọ DAC tààrà àbí dandan ni amp?

ỌmọLágere: Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ra hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600 tòkunbọ̀ ní Mayfair, mo ti ní DAC kékeré kan tẹ́lẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń sọ orin inú kọ̀ǹpútà di iná tí sípíkà lè fi dún) tí mo fi ń gbọ́ sípíkà, ojú RCA méjì (ihò wáyà ohùn) tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ló ní. Ni mo bá ra wáyà tó gba RCA lápá kan tó gba hẹ́dífóònù lápá kejì, mo ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, ó sì dún! Ó tiẹ̀ pariwo ju bí mo ṣe rò lọ, torí gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé ohm 300 (bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó) ò ṣeé gbé láìsí amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára. Àmọ́ bass ẹ̀ ń dún bí ìlù tí òjò pa. Ṣé kí n ra amp ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa?

ỌmọObòkun: Àbúrò, ariwo kọ́ ni wàhálà ẹ. Volt 2 ló sábà máa ń jáde lójú RCA, lórí ohm 300 ìyẹn á fún ẹ ní nǹkan bíi milliwatt 13, HD 600 ò nílò tó bẹ́ẹ̀ kó tó di èèyàn létí. Ṣùgbọ́n amp ni wọ́n ṣe ojú yẹn fún, amp sábà máa ń ní ohm 10,000 àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa nǹkan kan lára DAC, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí àyè fi resistor (nǹkan kékeré tó ń dènà iná) ohm 100 àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ohm 300 tí wọ́n kọ sára HD 600 kì í sì í dúró lójú kan, tó bá ti dé ibi bass, ní nǹkan bíi 100 Hz, á lé ní 500. Òun àti resistor yẹn ló sì jọ ń pín volt, torí náà ibẹ̀ ni volt tiẹ̀ á ti pọ̀ ju ibi tó kù lọ, bass á wú.

SísíMixer: Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín dáa o, àmọ́ ohm 100 ò lè wú u ju nǹkan bíi decibel 1 (ìwọ̀n ariwo) lọ, ìyẹn ò tó ìlù tí òjò pa. Ó jọ pé ohm tiẹ̀ jùyẹn lọ, tàbí kó jẹ́ pé opamp inú ẹ̀ (ṣíìpù tó ń ti ohùn jáde) ti ń mí hẹlẹ. Àwọn DAC kan wà o, bíi Chord Hugo, tí wọ́n dìídì ṣe kó máa gbé hẹ́dífóònù fúnra ẹ̀. Hẹ́dífóònù HiFiMan HE-6 ló yẹ kí wọ́n máa fi dẹ́rù bani, ohm 50 péré ni, ó sì ń jẹ iná gan-an. Ìbéèrè tèmi ni pé kí lo fi ń dín volume kù?

ỌmọLágere: Láptọ́ọ̀pù ni mà. NẸ́PÀ múná lọ lánàá, ó tan padà, volume ti fò lọ sí 100, díẹ̀ ló kù kí n ju nǹkan olówó iyebíye nù láti orí.

SísíMixer: Ẹ gbọ́ ọ! Torí ìyẹn nìkan, ra amp tó ní ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ yí volume.

ỌmọLágere: Mo yá amp ọ̀rẹ́ mi kan ní Sábó, bass ti wọlé, ó dún pọ́n-ún báyìí. Àmọ́ ọ̀la ló fẹ́ gba nǹkan ẹ̀. Ta ló ń ta tòkunbọ̀ n'Ífẹ̀ níbí, kí n san díẹ̀díẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ỌmọObòkun, ẹ má dáhùn èyí o, ẹ máa wá ṣe òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà mi.