Ọkọ̀ mi dọ̀bálẹ̀ lóru, kò dìde láàárọ̀

Ará Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ní Range Rover àtijọ́ nílùú Ìbàdàn yìí, kó sún mọ́ mi. Ìtàn mi gùn díẹ̀.

Tèmi jẹ́ ti 2006, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe sípíríǹgì onírin ló gbé e dúró. Afẹ́fẹ́ ni: àpò rọ́bà mẹ́rin, ọ̀kan nídìí wíìlì kọ̀ọ̀kan, àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn, tó wà nínú búùtù lábẹ́ sípíà táyà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú Range Rover. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni bọ́tìnì kan tí mo bá tẹ̀, tí ọkọ̀ á rọra rẹlẹ̀ kí èèyàn lè wọlé. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ bọ́tìnì yẹn lójú wọn, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí mọ àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi." Látọjọ́ náà, wọn kì í wọ ọkọ̀ àbúrò mi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, mo jáde láti gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ti jókòó sílẹ̀ pátápátá, mọ́gáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí táyà. Mo ṣíná sí i. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, kò pẹ́ ó dákẹ́, ìkìlọ̀ sì yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ àbúrò mi la gbé lọ. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún, n ò ní dárúkọ rẹ̀, kò tiẹ̀ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú. Mo lọ sí Àràròmí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó wà ní Gate, mo ra tòkunbọ̀ kan, inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tún wólẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì náà ti ń gbóná, ó ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ọ̀gá yẹn ní ká kúkú yọ gbogbo ohun tó jẹ́ afẹ́fẹ́ dànù, ká fi sípíríǹgì onírin sí i. "Dádì, ẹ ó sì sinmi." Mo ro ti àpótí tí Màmá á máa gùn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, mo ní rárá.

Ọmọkùnrin ríwáyà kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ló là mí lójú. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, igun ibo ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀?" N ò mọ̀, torí gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń bá nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní téèyàn bá pa ọkọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í sùn tán. Á máa tají lóru, á wo igun tó rẹlẹ̀ jù, á wá tú afẹ́fẹ́ àwọn yòókù sílẹ̀ kí wọ́n lè bá a dọ́gba. Igun kan ló ń jò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wólẹ̀.

Ohun tó ní kí n ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Kí n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú (ìyẹn gan-an ṣòro nílùú olókè yìí, àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo padà lò), kí n yọ fúùsì kọ̀ǹpútà afẹ́fẹ́ náà kó má baà tají. Kí n wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín wíìlì lọ sókè dé etí mọ́gáàdì, nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, kí n tún un wọ̀n. Mẹ́ta ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Iwájú lápá awakọ̀ ti fi sẹ̀ńtímítà 6 lọ sílẹ̀.

Ló bá po omi ọṣẹ sínú ike tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fín omi síni lórí. Ó gbé ọkọ̀ ga dé ibi tó lè ga dé, ó fi irin gbè é lábẹ́ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ló gbé e dúró, ẹ̀mí ò láàrọ̀), ó wá fín omi ọṣẹ náà yí àpò rọ́bà ká. Níbi tí rọ́bà ti máa ń ṣẹ́po, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bíńtín bíńtín. Rọ́bà ti gbó, ó ti sán. Ojú ò tiẹ̀ lè rí ihò náà, òun ló sì pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan, tó ń lé èkejì lọ sọ́run.

Méjèèjì iwájú ni mo pààrọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ní. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ará Akóbò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tèmi fi díẹ̀ yàtọ̀. Iwájú méjèèjì ló ń lọ sílẹ̀ pọ̀. A fín ọṣẹ títí, kò hó lára àpò kankan. Nígbà tá a tú ilé fáàfù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún iwájú, ẹ̀tù funfun la bá níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn da páúdà ọmọdé sí i. Wọ́n ní inú ibi tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń gbẹ omi kúrò lára afẹ́fẹ́ ló ti wá. Àwọn hóró kéékèèké kan wà níbẹ̀ tó ń fa omi mu. Tí wọ́n bá ti mu àmuyó lọ́dún púpọ̀, wọ́n á wó di ẹ̀tù, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ há sẹ́nu fáàfù, kò ní lè pa dé dáadáa mọ́. A fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ àwọn rọ́bà òrùka inú rẹ̀, a sì pààrọ̀ àwọn hóró náà. Ẹni tó bá fọ fáàfù tí kò pààrọ̀ hóró, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní tọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: kí ẹ tó gbówó lọ Gate, ẹ pààrọ̀ rílè kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ná. Nǹkan kékeré tó ń gbé iná fún un ni. Tí ojú rẹ̀ bá ti jó, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tára rẹ̀ dá ṣáṣá máa dà bí òkú.

Ìyá Ìbejì, Jẹ́ríkò

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ti abẹ́ ọkọ̀ lẹ̀ ń sọ, tòkè lèmi ní. Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì kì í wólẹ̀, òrùlé inú rẹ̀ ló ń wó. Aṣọ òkè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ikùn ẹni tó mu gààrí yó. Bàbá Ìbejì fi píìnì gún un káàkiri, wọ́n ní ó ti parí. Mo wé gèlè lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Màpó. Bí mo ṣe sọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá ilé ìlọlùbọ́ ni mo gbà kọjá. Ẹ̀tù ti bo gèlè mi!

Ọkùnrin tó ń ran àga ọkọ̀ ló ṣàlàyé fún wa. Fóòmù tín-ín-rín kan wà láàárín aṣọ àti pátákó òrùlé, ooru ọdún púpọ̀ ló jẹ ẹ́ di ẹ̀tù. Kò sì sí gúlúù tó lè di ẹ̀tù mú. Ńṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ odindi pátákó náà jáde, kí wọ́n há fóòmù àtijọ́ kúrò tán, kí wọ́n tó lẹ tuntun. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún wa fi gúlúù àwọn oníbàtà lẹ̀ ẹ́. Oòrùn oṣù kejì ò jẹ́ kó gbé ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí wọ́n yọ pátákó náà la tó rí ìdí tí kápẹ́ẹ̀tì fi ń rùn. Fèrèsé òrùlé ní páípù róbótó tó ń gbé omi òjò lọ sábẹ́ ọkọ̀ ní àwọn igun rẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti ewé ti dí ọ̀kan, omi wá ń gba inú òpó iwájú wọlé. Iye wáyà àti kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má bi mí. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń gé koríko la tì bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ká má fi afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà fẹ́ ẹ, pé páípù lè yọ níbi tọ́wọ́ ò lè dé. Ní báyìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, màá bu omi kọ́ọ̀pù kan síbẹ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀ wò bóyá ó ń kán sílẹ̀.

Ti àga ni mi ò fẹ́ sọ. Awọ etí àga awakọ̀ ti bó, Bàbá Ìbejì fi pólíìṣì bàtà pa á. Agbádá funfun ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ parí ẹ̀ fúnra yín.

Ará Mọ́níyà

Èmi fi sípíríǹgì onírin sí tèmi. Ó le, ìkìlọ̀ ò kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n mò ń sùn. Ọ̀nà oko mi ò mọ Range Rover yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́.

Ará Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí wọ́n fi àkísà tútù àti ọṣẹ tí kò le nu awọ yẹn, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ẹni tó ní ọ̀dà awọ gan-an. Ohun tó ń bó o ni pé ọkọ̀ náà ga, ìdí wọn ló ń fi etí àga yẹn họ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀. Kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì kó rẹlẹ̀ ná, bí mo ṣe ń ṣe fún Màmá.

Àwọn bọ́tìnì rédíò mi tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ bí àádùn, mo fi spírítì nù wọ́n. Lílẹ̀ náà lọ, àmọ́ ó kó díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sára wọn lọ. Mo ti mọ èyí tó ń gbé Splash FM tẹ́lẹ̀, kò dùn mí.

Àná ni mo tún fi téèpù wọ̀n ọ́n. Igun awakọ̀ ò yẹ̀. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti fi sẹ̀ńtímítà kan lọ sílẹ̀. Mo ti po ọṣẹ sílẹ̀.